Fi Òjìji Bò Ó

Ọdún mọ́kànlá rèé tí rélùwéè ti ní kí n máa lọ sílé,
tí mo ti kó fìtílà, fèrè àti àsíá pupa fún wọn ní Ọ̀ffà.
Láti ìgbà náà, Sátidé kì í bá mi nílé.
Mo máa ń di abọ́ pẹrẹsẹ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà Ràímì,
ṣọ́bìrì kékeré, awò tí mo fi ń wo ohun tín-ín-tìn-ín,
ẹ̀kọ méjì, àkàrà mẹ́rin,
ó di ẹ̀yìn Babáńlá, níbi tí ọ̀dà ti pin,
níbi tí òkè ti yọ eyín funfun síta
bí ẹni tó rẹ́rìn-ín níbi òkú.

Eyín yẹn làwọn òyìnbó rí.
Wọ́n gbẹ́ ẹ dé erìgì,
wọ́n gbẹ́ ẹ títí omi fi sun sí wọn lójú,
wọ́n sì lọ.
Kòtò jíjìn mẹ́ta ló kù, koríko bo ẹnu wọn,
àti ọlọ irin kan tó ti dípẹtà,
tí odán hù gba àárín rẹ̀ kọjá.
Òjélàdé, bàbá bàbá mi, ru òkúta funfun níbí,
tọ́rọ́ lóòjọ́.
Nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní kó la ẹnu, wọ́n á ní kó gbọn irun rẹ̀.
Kò fọwọ́ kan wúrà rí.
Ó kàn mọ bó ṣe wúwo.

Odò tó ń sàn lẹ́sẹ̀ òkè náà kò ju ìbú ẹní kan lọ.
Mo lóṣòó tì í. Mo bu yanrìn, mo bu omi,
mo ń yí abọ́ jẹ́jẹ́
bí ẹni tó ń gbọn òkúta inú ìrẹsì Pátígi,
àfi pé ohun tí wọ́n ń dà nù lèmi ń wá.
Èyí tó fúyẹ́ á bá omi lọ. Èyí tó wúwo á jókòó.
Á wá ku yanrìn dúdú, bí ẹ̀tù ìbọn,
létí rẹ̀, nígbà mìíràn, ohun kan á tàn.

Má tíì yọ̀.
Èké pọ̀ nínú odò yìí, oòrùn ni wọ́n ń jẹ.
Fi òjìji rẹ bò ó.
Èyí tó bá kú, jẹ́ kó máa lọ.
Èyí tó bá ṣì ń wò ọ́ láìṣẹ́jú,
òun nìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ẹ̀rọ fa omi lókè odò máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀:
"Bàbá, ẹ ti ra jíìpù?"
Mi ò lè bú wọn, ebi ló gbé wọn wá.
Lọ́dún tó kọjá, ilẹ̀ ya lu Músílíù nínú kòtò tuntun.
Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gbé e jáde.
Èékánná rẹ̀ kún fún amọ̀.
Mi ò gba ọ̀nà ibẹ̀ mọ́.

Ìgò oògùn ojú ni mo ń kó tèmi sí.
Ọdún mọ́kànlá, kò tíì bo ìdí ìgò.
Mo gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Ìlọrin.
Ó dà á sórí ìwọ̀n, ó sé èémí kó má baà fẹ́ ẹ lọ,
ó ní, "Àlàájì, kò tó yẹtí ọmọ ọwọ́."
Mo dúpẹ́, mo gba ìgò mi.
Mo ń rẹ́rìn-ín bọ̀ wálé nínú ọkọ̀, mi ò mọ ìdí.

Sìdíkátù kò bá mi jà rí lórí ọ̀rọ̀ náà.
Lálẹ́ àná, ó mú ìgò kúrò lórí tábìlì,
ó gbé e sí iná,
ó wá ká ọwọ́ bò ó, ó ń yọjú wò ó láàárín ìka.
Àṣé ó ti ń gbọ́ mi láti ọjọ́ yìí.
Ó pẹ́ kó tó gbé e sílẹ̀.
Ó ní, "Bẹ́ ẹ bá tún ń lọ, ẹ mú àpò kan dání.
Ilẹ̀ ilé ìdáná ti là.
Yanrìn tẹ́ ẹ máa ń dà nù yẹn,
ẹ bá mi bù ú wá."