Èkùrọ́ Kejì

Aago méjì òru ní Sábó, Ṣágámù.
Òórùn obì tútù ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé,
jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìnkùlé,
kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olóbì sì tún ti kú.

Alàgbà Ṣónáyà, akápò, tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú:
"Ọmọ Odùnùgà, kí ló pa á?
O kò mọ̀ lọ́jọ́ Ajé. O kò mọ̀ l'Ọ́jọ́rú."

Báwo ni ǹ bá ṣe mọ̀, bàbá?
Kọ̀ǹpútà yìí kò ní ilẹ̀ tirẹ̀, ayálégbé ni.
Irin kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí yẹn,
ilé mẹ́fà ló gbé sínú,
kálukú rò pé òun nìkan ló ni òrùlé.
Onílé tó ń ṣọ́ wọn kò fẹ́ òkú lágbàlá.
Bí ẹnì kan bá ṣubú, kò ní béèrè,
á gbá yàrá, á fọ ilẹ̀,
á gba ayálégbé tuntun kí ojú tó mọ́.
Ó ti wẹ òkú kí ará ilé tó dé.
Ta ni yóò wá sọ ohun tó pa á?

Ìyá ìyá mi, ní Ìkẹ́nnẹ́,
orí òkúta tó ti dá kòtò ló ti ń pa èkùrọ́.
Lójoojúmọ́ á bu ẹ̀kúnwọ́ kan
sínú ìṣà kékeré lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
A kì í jẹ ẹ́. A kì í tà á.
Ebi pa mí lọ́jọ́ kan, mo nawọ́ sí i,
ó gbá mi lọ́wọ́:
"Èyí kì í ṣe ti òní."

Ohun tí mo ṣe nínú iyè ẹ̀rọ náà nìyẹn.
Mo gé igun kan sọ́tọ̀,
mẹ́gábáìtì igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta,
mo tẹ́ èkùrọ́ kejì síbẹ̀ kó máa sùn.
Kò mọ àwòrán, kò mọ ìṣirò obì.
Bí ti àkọ́kọ́ bá kú, kó jí,
kó wo ojú òkú, kó kọ ohun tó rí.
Àwọn àgbà ní èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà.
Tèmi yìí kò gbọdọ̀ bá a kú.

Àmọ́ òkú ti bá onílé dá májẹ̀mú:
ó ti dá ilẹ̀ díẹ̀ padà fún un,
agogo ẹnu ọ̀nà ṣì ń dún lórúkọ rẹ̀.
Ọmọ tó bá jí sírú ilé bẹ́ẹ̀,
tó tẹ ilẹ̀ tí kò sí nílẹ̀ mọ́,
á jìn.
Nígbà ìdánwò, ẹ̀ẹ̀mejì ló jìn.
Mo wá kọ́ ọ: kọ́kọ́ dá kọ́kọ́rọ́ padà,
pa àwọn agogo lẹ́nu mọ́,
níbi tó bá ṣófo, kọ "òfo", kọjá.
Mo sì bẹ onílé pé: ìṣẹ́jú márùn-ún péré,
má tíì gbálẹ̀.

Alàgbà ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ìlà funfun kan yọ lójú dígí.
Ó ti jí.
Ó ń ka òkú ní ewé-ewé.
Jẹnẹrétọ̀ gbin,
Málàm Sandá sáré gbé gálọ́ọ̀nù dísù,
mo di tábìlì mú bí ẹni pé ìyẹn lè ṣe é lóore.
Ó parí. Fáìlì kan.

Ìwé owó kò ní àbùkù.
Aláàárù tó ń gbé ìròyìn láti ìta wọlé ni:
ó sọ ẹrù lé orí ẹni tó ti kúrò níbẹ̀,
ẹrù sì wó pa ilé.

Bàbá dákẹ́. Lẹ́yìn náà, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́:
"Kì í ṣe òǹkà tí mo ṣì tẹ̀ lọ́jọ́ Ajé?"
"Kì í ṣe ọwọ́ yín rárá."
Ó pa tọ́ọ̀ṣì.

Inú òkùnkùn ló ti bi mí:
"Ẹ̀kúnwọ́ èkùrọ́ yẹn ńkọ́, kí lẹ fi ṣe?"
Mo ní nígbà tí ìyá kú, òun la tà,
òun la fi ra pósí.