Aago Mélòó?

Èmi ni mo kọ́kọ́ bi í.
Kì í ṣe bàbá rẹ̀, kì í ṣe àwọn àgbà ilé.
Èmi, àbúrò ìyá rẹ̀, tí amọ̀ ṣì wà ní ìka mi,
nídìí ìkòkò tí mo ń mọ lọ́wọ́ ní Òkèlele.
Wòsílátù dúró sẹ́nu ọ̀nà, bàtà ẹsẹ̀ kan.
Ó ní, "Àǹtí, Bùràímọ̀ aránṣọ tì mí mọ́ ṣọ́ọ̀bù."
Mo ní, "Aago mélòó lo lọ gba aṣọ?"

Ilé pé lẹ́yìn Ìṣáì.
Ọ̀kan bèèrè ìbòrí, ọ̀kan bèèrè ibi tí yẹ̀rì gùn dé.
Ìyá àgbà ní ṣé ó lọgun,
bó bá sì lọgun, ta ló gbọ́?
Bàbá rẹ̀ kò bèèrè nǹkan kan. Ó ń ka tẹ̀súbáà,
ó ń ro ti ọmọ rẹ̀ àgbà
tí wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ lọ́jọ́ Àìkú.
Wọ́n ní ẹni tó gbẹ́ kànga mọ́ṣáláṣí,
ẹnu wo la fẹ́ fi sọ ọ́?

Ẹnìkan pòwe: ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà,
ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí.
Mo wò yíká.
Ta ló dìde? Igi ta ló mú dání?
Akátá wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń tẹ máṣíìnì,
adìẹ ló wà láàrin agbo ilé
tí à ń tu níyẹ̀ẹ́.

Lóru ni mo bi ara mi: kí ló mú mi bèèrè aago?
Mo bí ọmọbìnrin méjì.
Wọ́n máa ń wọlé kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀ngàríbà.
Bó bá jẹ́ aago ló jẹ̀bi,
a jẹ́ pé àwọn tèmi yọ.
Bó bá jẹ́ yẹ̀rì, màá rán tiwọn kó máa wọ́lẹ̀.
Ògiri ni mo ń mọ yí ọmọ tèmi ká,
ara ọmọ ẹlòmíràn ni mo fi ṣe amọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìkòkò àná ti sán.
Mi ò bi í pé kí ló dé tó sán.
Mo wo ọwọ́ mi.

Aago mẹ́rin ni, oòrùn ṣì ń ràn.
Ó ti dá mi lóhùn lánàá,
èmi ni mi ò gbọ́.

Mo ní, "Bàtà rẹ kejì dà?"
Ó ní ó wà lọ́hùn-ún.
Mo fọ amọ̀ kúrò lọ́wọ́, mo dira,
mo ní, "Dìde. Ọlọ́pàá ni yóò bá wa lọ mú un."