Owó Páànù

Owó páànù la gbé lọ sí Láòsì.
Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí àdúgbò tó sọ ọ́ fún yín:
ìdì páànù mẹ́tàdínlógún, owó ìṣó, owó káfíńtà,
a ká a sínú báàgì àgbékọ́yìn méjì,
tèmi aláwọ̀ ewé, ti ọkọ mi dúdú,
sípù rẹ̀ ti já kí a tó kúrò ní Adó.
A fi ògiri sílẹ̀ fún aláǹgbá.

Ẹni tó ń jẹ́ Ilésanmí ló kọ́kọ́ ní ká lọ!
Ó rí àwòrán odò kan lára kàlẹ́ńdà ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun,
ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́, òkè mẹ́ta tó yọ gọnbu bí eyín arúgbó.
Ó ní, "Wò ó, ó jọ Ẹ̀fọ̀n."
Mo ní, "Bó bá jọ Ẹ̀fọ̀n, ká wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n,
a ó padà jẹ oúnjẹ alẹ́ n'Ígbẹ́mọ."
Ó rẹ́rìn-ín.
Kò bá mi jiyàn. Ohun tó dẹ́rù bà mí nìyẹn.

Ooru ibẹ̀ kì í ṣe irú tiwa tó ń sinmi lálẹ́.
Ó ń dì mọ́ ni bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú.
Okùn báàgì kọlà sí mi léjìká.
Lọ́jọ́ kẹrin a jà lójú ọ̀nà eléruku kan
nítorí ike omi kan ṣoṣo.
Ó ń lọ níwájú, mò ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn,
wákàtí méjì, ẹnu kálukú wa dì bí ẹnu àpò.
Ẹfọ̀n kan tó rì dé ọrùn nínú ẹrẹ̀
wo ọkọ mi, ó wò mí,
ó tún ojú rẹ̀ dì.

Ìyá arúgbó kan ló pè wá.
Ilé rẹ̀ dúró lórí òpó, adìyẹ ń tú ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.
Ó ṣí apẹ̀rẹ̀ kékeré kan, ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀,
ó lẹ̀ mọ́ra bí iyán tí wọn ò tíì gún tán.
Ó bù ú, ó rọ ọ́ róbótó, ó fún ọkọ mi,
ó bu òmíràn, ó fún mi.
Ó wá tọ́ka sí i, ó tọ́ka sí mi,
ó pa ìka méjì pọ̀, ó gbójú sókè bí ẹni ń béèrè.
Mo wo Ilésanmí. Eruku wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀.
Mo mi orí: bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà tó jẹun tán, ó bọ́ bàtà, ó wọnú ẹrẹ̀ ìyá náà lọ,
ó ń tu koríko láàárín ìrẹsì láìfọwọ́ ba gbòǹgbò.
Ọmọ Ìgbẹ́mọ ni, ìrẹsì ló rán an níléèwé.
Ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín,
mo sì rántí ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ.

Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò ní ilẹ̀kùn,
ó gbójú sókè wo ibi tó yẹ kí páànù wà.
"Ulé," ó ní. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Àwọn kan ní oògùn ọmọ la wá lọ,
àwọn kan ní wọ́n ti ta wá ni, orí ló yọ wá.
A ta tapólì sórí yàrá kan.
Báàgì méjèèjì ń fì lórí ìṣó,
ìṣó kan ṣoṣo tó kù nínú owó páànù.

Òjò àkọ́rọ̀ dé lálẹ́ òní. Ilésanmí, o ti sùn?
O wá ọwọ́ mi nínú òkùnkùn,
o pa ìka wa méjì pọ̀.
Mo gbọ́ ọ.
Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, sún díẹ̀,
omi ń kán sí mi lẹ́sẹ̀.