Kọ́tìnnì Yàrá Ẹ̀yìn

Èèyàn mẹ́sàn-án la wà nílé wa lókè Aké
kí wọ́n tó fi ọmọ Fínláǹdì kún wa fún oṣù mẹ́ta.
Iléèwé tí mo ti ń kọ́ni ló bẹ̀ mí. Mo ní kò burú,
ibi tí ẹni mẹ́sàn-án bá sùn sí, ẹnì kẹwàá kò ní sùn síta.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ga bí òpó iná,
irun rẹ̀ funfun ju ti ìyá ọkọ mi lọ.

Aino lorúkọ rẹ̀. Màmá gbọ́ ọ, ó ní, "Àìná?
Ṣé ìwọ́ ló yí i lọ́rùn wáyé ni?"
Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.
Mo ní, "Màmá, òyìnbó kì í bí Àìná."
Màmá ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Láago márùn-ún àárọ̀, bákẹ́ẹ̀tì ti tò síwájú balùwẹ̀,
Ṣóbọ̀wálé ń pariwo pé ta ló lo ọṣẹ òun,
Fadérera ń kàwé sókè bí ẹni tó ń wàásù,
àbúrò ọkọ mi ń bá ajigbèsè jà lórí fóònù.
Aino fi táwẹ̀lì kọ́rùn, ó gbé bákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sẹ́yìn,
gbogbo ẹni tó dé ń gbé tiwọn síwájú tirẹ̀.
Ọjọ́ kẹrin ló tó mọ̀ pé
a kì í fi ẹsẹ̀ tò nílé wa, ẹnu la fi ń tò.

Yàrá ẹ̀yìn kò ní ilẹ̀kùn, kọ́tìnnì ló ní,
àdìrẹ kan tó ti ṣá.
Kò rí igi kàn, ló bá ń fi ẹnu kàn án:
"Kọ́ kọ́ kọ́."
Ta ní ń kanlẹ̀kùn fún aṣọ?

Nígbà mìíràn a ó wá a tì.
A ó bá a lẹ́yìn táǹkì omi, lórí àpáta
tí bàbá ọkọ mi kò rówó fọ́ nígbà tó ń kọ́lé,
ó fa orúnkún mọ́ àyà,
ó ń wo àwọn páànù tó ti dípẹtà títí dé odò Ògùn.
Nílé wa, ẹni tó bá dá jókòó, ara rẹ̀ kò yá ni.
Mo fi ọmọ kan rán pánádọ́ọ̀lù sí i,
Màmá fi òmíràn rán ẹ̀kọ gbígbóná,
àbúrò ọkọ mi lọ bi í bóyá ẹnì kan ló ṣẹ̀ ẹ́.
Ó gba oògùn, ó gba ẹ̀kọ, ó ní kò sẹ́ni tó ṣẹ òun,
òun kàn fẹ́ dá wà díẹ̀ ni.
Mo fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá.
"Ó fẹ́ dá wà": ó dún létí mi bí èpè.
Mo ní, "Ó ní ẹ ṣeun fún ẹ̀kọ."

Lóṣù kejì, ìyá rẹ̀ yọjú lórí fóònù.
Màmá gbà á, ó fi ọwọ́ yí ọrùn ara rẹ̀ po,
ó nàka sí ọmọ náà, ó gbé ojú sókè.
Obìnrin náà dákẹ́. Ó fọwọ́ bo ẹnu.
Lẹ́yìn náà ó na ìka méjì:
ẹ̀ẹ̀mejì ló yí i lọ́rùn.
Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbé bákẹ́ẹ̀tì
síwájú ti Àìná mọ́.

Ó lọ ní Sátidé, nínú òjò.
Mo wọ yàrá ẹ̀yìn láti ká bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó.
Nǹkan kan kò ṣe mí.
Ilé ń ké lẹ́yìn aṣọ: ọṣẹ ta ni, ta ló jẹ ẹran, nẹ́pà ti múná lọ.
Mo gbọ́ sálúbàtà Màmá tó ń wọ́ bọ̀.
Ó dúró, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin
tí kò tọrọ ààyè rí kó tó wọ yàrá kankan nílé ọmọ rẹ̀.
"Kọ́ kọ́ kọ́."
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ fún mi níṣẹ́jú díẹ̀."
Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò kúrò lábẹ́ aṣọ fún ìgbà díẹ̀.
Nígbà tó yá, ó fi ọmọ kan rán pánádọ́ọ̀lù sí mi.