Ẹni Tó Ń Ká Ẹ̀rín Sílẹ̀

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ká ẹ̀rín sílẹ̀.
Ọ̀rọ̀ aláwàdà kọ́ o, ẹlòmíràn ló ń ṣe ìyẹn.
Gbohùngbohùn méjìlá ni mo so kọ́ àjà gbọ̀ngán,
mo dojú gbogbo wọn kọ àwọn òǹwòran,
ó ku kí wọ́n lanu.

Milwaukee ni, lóṣù kejì ọdún.
Adágún ti dì, ó le bí ojú agbowó-orí.
Odessa Pruitt wọlé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì pupa lọ́rùn,
ìkejì rẹ̀, bákan náà gẹ́lẹ́, wà nínú báàgì,
nítorí ẹ̀ẹ̀mejì la ó ká eré náà lóru ọjọ́ kan,
aago méje, aago mẹ́wàá,
ká lè gé ọ̀kan lẹ̀ mọ́ èkejì,
kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé rò pé ẹ̀ẹ̀kan ló ṣẹlẹ̀.

Ẹnu obìnrin náà kò ní ilẹ̀kùn.
Ó bú gómìnà,
ó bú pásítọ̀ tó ń bá gómìnà jẹun,
ó bú ìyá tirẹ̀ tó dìbò fún un torí eyín rẹ̀ funfun.
Ó kọjú sí àwọn tó san ọgọ́rin dọ́là níwájú:
"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin tí omi yín kì í pa yín.
Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn wa,
mo rí àkọlé tẹ́ ẹ rì sí iwájú ọgbà.
Àkọlé yẹn ti bá mi sọ̀rọ̀ ju ẹ̀yin fúnra yín lọ."
Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín títí,
ó ń gbá itan ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń pa ẹ̀fọn.

Ó wá kan Cortland, àbúrò rẹ̀.
"Páìpù òjé ló ń gbé omi wá sílé wa.
Dókítà ní òjé ti wọ ọmọ náà lórí.
Màmá mi ní, ọpẹ́ o!
Tíṣà ti ní kò sóhun tó ń wọ̀ ọ́ lórí.
Ìgbìmọ̀ omi dé, wọ́n ní omi mọ́ lóló.
Mo bu ife kan fún ọ̀gá wọn.
Ó wo ife, ó wo aago, ó ní òun ń gbààwẹ̀.
Ààwẹ̀! Ṣúgà dónọ́ọ̀tì ṣì wà nírùngbọ̀n rẹ̀."
Gbọ̀ngán fẹ́rẹ̀ẹ́ wó.

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló kú sí àtìmọ́lé.
Lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ.
Màmá mi fi bírò pupa tún un ṣe,
ó dá a padà fún wọn."
Ó dákẹ́.
Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Èmi ni mo kà á.
Ohùn rẹ̀ ha bí aṣọ tí ìṣó fà.
Gbohùngbohùn kẹsàn-án gbé ìmí ẹnì kan tó ń sunkún.

Ó ń bó ọsàn lẹ́yìn ìtàgé nígbà tí olùdarí wọlé:
"Ìdákẹ́ yẹn dùn. Ṣé o lè tún un ṣe?"
Ó jẹ ọsàn rẹ̀ tán. Ó pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì.

Aago mẹ́wàá. Bírò pupa. Ó dákẹ́.
Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin.
Ohùn ha níbi tó ti ha tẹ́lẹ̀ gan-an.
Inú bí mi, n kò lè purọ́.
Mo ní, àṣé báyìí náà ni.

Èrò ti lọ, mo ń ká wáyà,
kò rántí pa gbohùngbohùn tó wà láyà rẹ̀.
Mo gbọ́ ọ létí mi, ní ilé ìtura:
ó ṣí ẹ̀rọ omi.
Omi ń dà, kò bù ú.
Ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́, bí ọmọdé tí ìyá rẹ̀ dúró tì:
mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún, ọ̀kànlélọ́gọ́rùn-ún,
ó kà á dé ọgọ́fà,
kó tó gbé ife sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí eré jáde,
wọ́n ti gé ìdákẹ́ kù sí méjì,
wọ́n fi ẹ̀rín aago mẹ́wàá lé e lẹ́yìn.
Omi yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi.
N kò tíì pa á rẹ́.
Olùdarí kò béèrè.