Ní Ìdí Ẹ̀rọ Omi

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jókòó láìkọ nǹkan kan.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátẹ́jú ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀:
"Jẹ́ kí o mọ́ wọn lójú bí ògiri.
Ọmọ tó bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun,
ìwà àlejò ni yóò hù fún ọ."

Mo gbé àga onírọ́bà sábẹ́ igi dóńgóyárò
ní ilé-ìwé kan lẹ́yìn Ìdí-Arẹ́rẹ̀.
Ọjọ́ kìíní, wọ́n tò gbọọrọ bí rúlà.
Ọmọ kan tilẹ̀ bu omi wá fún mi, ó kúnlẹ̀.
Ọjọ́ kẹrin, ìkíni ti dínkù.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Sìkírù fi síkẹ́ẹ̀tì mi nu ọwọ́ tó tutù,
kò tilẹ̀ wojú mi.
Inú mi dùn: mo ti di ògiri.

Òbí méjìlélógún ló fọwọ́ síwèé. Ẹyọ kan kọ̀.
Ọmọ tirẹ̀, bó bá ti dé ìdí ẹ̀rọ, àwa a wolẹ̀.

Kí wá ni a fẹ́ kà?
"Inúure," ni mo wí.
Adéṣẹ̀yẹ rẹ́rìn-ín: "Ta ló rí inú rí?
Ọwọ́ la lè rí. Jẹ́ ká máa ka ọwọ́."
A kọ ọ́, a pa á rẹ́, a tún un kọ:
bí ọmọ bá na kọ́ọ̀pù sí ẹlòmíì
kí òun fúnra rẹ̀ tó mu,
tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè,
tí tíṣà kò sí nítòsí,
kọ ọ̀kan.
Bó bá wá jẹ́ ẹ̀rù Gànìyù ló ń bà á ńkọ́,
Gànìyù tó ga ju gbogbo wọn lọ?
Ọwọ́ kan náà ni. Kọ́ọ̀pù kan náà ni.
A fi àmì ìbéèrè sí etí ìwé. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, oòrùn ń yan orí bí àgbàdo.
Kúdírátù gbé ike omi sókè,
ó tú u lé Sìkírù lórí.
Èmi tí mo wà lábẹ́ igi kọ: ìjà.
Adéṣẹ̀yẹ tó wà lẹ́nu géètì kọ: ìtọ́jú.
A fa ọ̀rọ̀ náà nínú mọ́tò títí dé Mọ́kọ́lá.
Ó ní èmi kò fẹ́ràn ariwo.
Mo ní òun kò ní àbúrò.
Tíṣà wọn, Ìyáàfin Ògúnsọlá, ló là wá:
"Ibà ló ń ṣe ọmọ yẹn láti àárọ̀.
Ohun tí ìyá wọn máa ń ṣe nílé nìyẹn."
Ojú mẹ́rin, kò sí èyí tó rí ibà.
Àlejò a máa lójú, kì í fi í ríran:
mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré,
n kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

A tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Olùwòran kò gbọdọ̀ dá sí i: òfin wa nìyẹn,
èmi gan-an ni mo fi yínkì pupa fàlà sí i nídìí.
Sìmẹ́ńtì ìdí ẹ̀rọ ń yọ̀. Kúdírátù ṣubú,
àgbọ̀n rẹ̀ kan ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dé.
Ọmọ mọ́kànlá dúró, wọ́n ń wò.
Ohun tí mo wá sí ibẹ̀ láti mọ̀ rèé:
ta ni yóò kọ́kọ́ nawọ́?
Mo wo aago. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.
Mẹ́rin.
N kò mọ ìgbà tí bírò bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ohun tó wà nínú ìwé Adéṣẹ̀yẹ nírọ̀lẹ́:
*Ọmọ kankan kò tíì nawọ́. Olùwòran dìde.
Kí a yọ ọ̀sán yìí kúrò.*
A yọ ọ́.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn ló kí mi.
Wọ́n tò gbọọrọ bí rúlà.
Kúdírátù, báńdéèjì lágbọ̀n, bu omi wá, ó kúnlẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn.