Àbúrò Mi Ni Mo Ń Béèrè Fún

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kò tíì lù,
yìnyín ṣì bo òpópónà Tarnów bí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀,
tẹlifóònù ti ń dún.
Èmi ni mo máa ń gbé e. Iṣẹ́ mi nìyẹn:
kí n kí ènìyàn, kí n kọ orúkọ sínú ìwé,
kí n má bi ẹnikẹ́ni pé kí ló ń dùn ún.

Ọkùnrin kan ni. Ohùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.
"Àbúrò mi ni mo ń béèrè fún."
Mo ní kò burú. Kí ni àbúrò yín fẹ́ mọ̀?

"Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n máa ní kó dùbúlẹ̀,
bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú fíìmù."
Mo ní rárá o. Àga méjì ló wà níbẹ̀,
ọ̀kan ń han bí ọmọ ológbò tébi ń pa,
èyí tó ń han yẹn gan-an ni gbogbo ènìyàn máa ń yàn.

"Èló ni?" Mo sọ iye rẹ̀. Ó dákẹ́.
Mo ní ọ̀nà kan wà tí kò ní san nǹkan kan,
ṣùgbọ́n ìlà ibẹ̀ gùn, ó lè di oṣù mẹ́rin.
N kò purọ́ fún un. Ẹni tó ń rì sómi
kì í fẹ́ ká pe odò ní àbàtà.

"Ṣé ọ̀gá rẹ̀ máa gbọ́?
Ọkọ̀ ojú irin ló ń wà.
Ṣé wọn ò ní gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"
Mo ní ohun tó bá sọ nínú yàrá yẹn
kò ní kọjá ẹnu ilẹ̀kùn,
àfi tó bá jẹ́ pé ẹ̀mí ló fẹ́ bọ́, tirẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn.
Ní ti kọ́kọ́rọ́, n kò mọ̀.
Kó bi Jadwiga fúnra rẹ̀.

"Oògùn ńkọ́? Èyí tó ń sọ ènìyàn di igi?"
Mo ní Jadwiga kì í fúnni lóògùn, etí ló ní.
Dókítà tó ń kọ oògùn wà lókè,
kì í sì í fipá fún ẹnikẹ́ni mu.
(Ìyá mi lò ó fọ́dún méjì. Kò di igi.
Ó ṣì ń bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀.
Èyí, n kò sọ.)

"Wèrè ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, àbí?"
Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́.
Mo wo iwájú mi: bàtà tí yìnyín ń yọ́ lára rẹ̀,
agboorùn tó ń kán,
ẹnì kan tó ti sùn lọ pẹ̀lú ìwé ìròyìn láyà.
Mo ní ká ní ẹ pàdé wọn nínú bọ́ọ̀sì,
ẹ ó kàn bi wọ́n pé aago mélòó ló lù ni.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.
Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ kan níbi tó wà, ní ọ̀nà jíjìn.
"Tí ẹnu rẹ̀ ò bá ṣí ńkọ́?
Lóṣù Kọkànlá, obìnrin kan wà lójú irin.
Ó fa bíréèkì. Ọkọ̀ yẹn wúwo.
Obìnrin náà gbójú sókè, ó wò mí."

Mí.
Mo jẹ́ kó kọjá lọ.
Mo ní tí ẹnu rẹ̀ ò bá ṣí, wọn ó jọ jókòó.
Orúkọ ta ni kí n kọ?

Ó pẹ́. "Bogumił Wrona."
Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin.

Aago mẹ́ta ló ti dé lọ́jọ́ náà,
fìlà lọ́wọ́, irùngbọ̀n fífá, ojú tó ti pupa.
"Èmi ni àbúrò," ló wí.
Mo ní ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó.

Nígbà tó wọlé, tí ilẹ̀kùn padé,
mo gbọ́ àga náà. Ó han lẹ́ẹ̀kan.
Lẹ́yìn ìyẹn, fún ìgbà pípẹ́,
n kò gbọ́ nǹkan kan.